Bí wọ́n bá ní òtútù kò ní pọ̀, ẹ má torí ìyẹn yọ súwẹ́tà kúrò nínú báàgì

  

Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa ló jẹ́ kí n kọ ti ọ̀sẹ̀ yìí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ìyá yìí ń múra ìrìn àjò. Ọmọbìnrin wọn tó ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló fẹ́ bímọ, ìyá sì fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Mo yà kí wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù. Èlùbọ́ wà ńbẹ̀, gàrí wà ńbẹ̀, irú gbígbẹ wà ńbẹ̀, òrí tí wọ́n fẹ́ máa fi pa ọmọ lára náà wà ńbẹ̀. Súwẹ́tà nípọn kan tí wọ́n ti kọ́kọ́ kó sínú báàgì ni wọ́n wá ń yọ jáde.

Mo ní, "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ ń yọ súwẹ́tà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ àwọn ló pe àwọn lórí fóònù pé ìjọba ibẹ̀ ti kéde pé àsìkò òtútù tó ń bọ̀ yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní wíńtà, kò ní tutù púpọ̀ lágbègbè àwọn, ilẹ̀ á gbẹ, òjò kò sì ní pọ̀. Wọ́n ní, "Ṣé súwẹ́tà ni kó wá gba àyè èlùbọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni?"

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá a padà. Ọmọ wọn kò parọ́ o, àwọn tó kéde náà kò parọ́. Ohun tí wọ́n kéde lọ́hùn-ún àti ohun tí ìyá gbọ́ níbí ni kò dọ́gba. Nígbà tó sì jẹ́ pé ọdọọdún ni irú ìkéde yìí ń jáde, tó sì jẹ́ pé ọdọọdún ni àwọn ìyá àti bàbá wa ń rin ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí gbogbo wa mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

KÍ NI WỌ́N Ń KÉDE GAN-AN?

Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà kan wà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òkun àti ojú ọjọ́, NOAA ni wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ ní ìkékúrú. Tó bá ti di àárín oṣù Kẹwàá, wọ́n á sọ bí wíńtà ṣe ṣeé ṣe kó rí. Oṣù mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ wọn máa ń dá lé: oṣù Kejìlá, oṣù Kìíní àti oṣù Kejì. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí àwọn ìpínlẹ̀ tó wà létí òkun Gulf of Mexico móoru ju bó ṣe máa ń rí lọ, kí òjò wọn sì dín kù. Ìpínlẹ̀ márùn-ún ni, Texas, Louisiana, Mississippi, Alabama àti Florida. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà pọ̀ jáǹtìrẹrẹ ní Houston, ìlú yẹn kò sì jìnnà sí etí òkun.

Ibo ni wọ́n ti rí i? Kì í ṣe pé wọ́n ń wo àwọsánmọ̀ lásán. Omi òkun Pàsífíìkì, ní agbedeméjì ayé, máa ń tutù ju ti ìgbà yòókù lọ láwọn ọdún kan. La Niña ni wọ́n ń pe ìyẹn. Èdè Sípéènì ni, ó túmọ̀ sí ọmọdébìnrin. Bí omi yẹn bá fi ìdajì ìwọ̀n Celsius kan péré tutù ju bó ṣe yẹ lọ, tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ó ti tó láti yí ọ̀nà afẹ́fẹ́ padà. Afẹ́fẹ́ líle kan wà lókè réré tó ń sáré láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, òun ló ń kó òjò àti ìjì rìn. Lọ́dún tí La Niña bá wà, afẹ́fẹ́ yìí á sún sí apá àríwá, á kó òjò lọ sọ́hùn-ún, etí òkun tó wà ní gúúsù á wá gbẹ, á sì móoru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí kì í ṣe irọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi ń wò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká ní igbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Ìkíní jẹ́ ti "yóò móoru ju tẹ́lẹ̀ lọ," ìkejì jẹ́ ti "yóò rí bó ṣe máa ń rí," ìkẹta jẹ́ ti "yóò tutù ju tẹ́lẹ̀ lọ." Bí wọn kò bá rí àmì kankan, ṣe ni wọ́n máa pín ọsàn 100 dọ́gba sínú igbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nǹkan bíi 33 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá wá rí àmì La Niña, wọ́n lè kó 50 sínú igbá ooru, kí 33 ṣì wà nínú ti àárín, kí 17 sì wà nínú igbá òtútù. Ohun tí àwọn èèyàn á gbọ́ lórí fóònù ni pé "wọ́n ní ooru ló máa mú." Wọn kò ní gbọ́ pé ọsàn 17 ṣì wà nínú igbá òtútù.

Ìyẹn nìkan kọ́. Bí gbogbo oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tiẹ̀ móoru bí wọ́n ṣe wí, àròpọ̀ àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n ń sọ. Ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú rẹ̀ lè tutù débi tí omi á fi di yìnyín, kí àròpọ̀ náà sì wà bó ṣe wà. Bí èèyàn bá fi oṣù mẹ́ta jẹ oúnjẹ tó dáa, tó wá jẹ májèlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣé a lè sọ fún un pé oúnjẹ tó jẹ láàárín oṣù mẹ́ta yẹn kò burú? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó ní ọjọ́ 10, oṣù Keje, ọdún 2011 ṣì rántí òjò ọjọ́ náà dòní. Iye òjò tó rọ̀ ní gbogbo ọdún yẹn kò sí lórí ẹnikẹ́ni, òjò ọjọ́ kan yẹn tó gbé omi wọlé ni a rántí.

OORU TIWỌN KÌ Í ṢE OORU TIWA

Ọ̀rọ̀ kejì nìyí. Bí ará Houston bá ní òtútù kò mú, kí ló ń sọ? Ní oṣù Kìíní, ìwọ̀n ooru níbẹ̀ máa ń wà ní bíi 17 tàbí 18 Celsius lọ́sàn-án, ó sì máa ń wálẹ̀ sí bíi 6 tàbí 7 ní ìdájí. Nínú fíríìjì wa, nǹkan bíi 4 ló yẹ kó wà. Ní Èkó, lóṣù Kìíní kan náà, ó ń lé ní 30 lọ́sàn-án, ó sì ṣọ̀wọ́n kó já wá sí ìsàlẹ̀ 20 lóru, àfi bí ọyẹ́ bá mú gan-an. Nítorí náà, bí wíńtà Houston bá fi ìwọ̀n méjì móoru ju tẹ́lẹ̀ lọ, ìdájí ibẹ̀ á ṣì tutù ju ìdájí ọyẹ́ èyíkéyìí tí ìyá wa ti rí rí ní Èkó tàbí Abẹ́òkúta.

Bẹ́ẹ̀, òṣùwọ̀n mìíràn ni wọ́n ń lò lórí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀. Fahrenheit ni wọ́n ń kà. Bí ẹ bá gbọ́ 70, ó tura nìyẹn. Bí ẹ bá gbọ́ 45, òtútù ìdájí nìyẹn, ẹ wọ súwẹ́tà. Bí ẹ bá gbọ́ 32 tàbí ohun tó kéré sí i, omi ti ń di yìnyín nìyẹn, kí àgbàlagbà má jáde láìnídìí. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sínú ìwé pélébé kan, kí ẹ fi sínú pọ́ọ̀sì yín.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LỌ́DÚN 2021

Ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ìkéde kan náà jáde: La Niña wà, gúúsù Amẹ́ríkà á móoru, á sì gbẹ. Nígbà tó di àárín oṣù Kejì ọdún 2021, òtútù kan já wá láti ìhà àríwá ayé, ó bo gbogbo Texas. Ní ọjọ́ 16 oṣù náà, ìwọ̀n ooru ní Houston já sí 13 Fahrenheit, ìyẹn nǹkan bíi 10 sí ìsàlẹ̀ òdo lórí Celsius. Iná mànàmáná lọ ní ilé àti ibi iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀. Ilé wọn kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ́ fún irú òtútù bẹ́ẹ̀, nítorí náà páìpù omi ń bẹ́ lórí àjà, omi ń da sínú yàrá. Omi ẹ̀rọ tiẹ̀ di ohun tí èèyàn ní láti sè kó tó mu.

Ìjọba Texas ka èèyàn 246 tó kú nítorí òtútù yẹn. Nínú wọn, 161 ló jẹ́ pé òtútù gan-an ló ṣe wọ́n léṣe. Àwọn 25 ní àìsàn kan lára tẹ́lẹ̀ tí wàhálà náà wá mú le. Jàǹbá ọkọ̀ pa 22. Èéfín olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide pa 19. Iná tó jó ilé pa 10, àwọn mẹ́sàn-án sì ṣubú kú. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ nínú wíńtà tí wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó móoru.

Èwo wá ni ti ìyá wa? Wọ́n fi ìkùnsínú dá súwẹ́tà padà sínú báàgì lọ́dún 2024 yẹn, wọ́n sì lọ. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kìíní, ọdún 2025, yìnyín funfun bo ilẹ̀ láti Houston títí dé New Orleans àti apá kan Florida. Ní pápákọ̀ òfuurufú New Orleans, yìnyín ga tó íǹṣì mẹ́jọ, irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nínú àkọsílẹ̀ wọn. Pápákọ̀ òfuurufú méjèèjì tó wà ní Houston dá iṣẹ́ dúró. Ìyá pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní, "Súwẹ́tà yẹn wà lọ́rùn mi báyìí, mi ò tíì bọ́ ọ láti àná."

ARA ÀGBÀ KÌ Í TÈTÈ MỌ̀

Ẹ̀yin àgbàlagbà wa, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Bí a bá ṣe ń dàgbà sí i, ara wa kì í tètè mọ̀ mọ́ pé òtútù ń mú òun. Ọmọdé á máa gbọ̀n, á sọ pé òtútù ń mú òun. Àgbàlagbà lè jókòó lórí àga nínú ilé tí kò gbóná tó, kó rò pé oorun lásán ló ń kun òun, kó sì jẹ́ pé ooru inú ara rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Bí ìwọ̀n ooru ara bá ti wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 35 Celsius, ewu ti dé. Kò dìgbà tí èèyàn bá jáde síta kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìlera níbẹ̀ ní kí ilé tí àgbàlagbà ń gbé má tutù ju 68 Fahrenheit lọ, ìyẹn 20 Celsius. Bí ọmọ yín bá dín ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná kù nítorí owó iná, ẹ má dákẹ́, ẹ sọ fún un.

Àmì tó yẹ kí ẹ̀yin ọmọ máa wò lára òbí yín rèé: kó máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mutí, kó máa rìn tàgétàgé, kí nǹkan máa dà rú mọ́ ọn lójú, kó máa tòògbé lásìkò tí kì í sùn, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, kó sì ti ṣíwọ́ gbígbọ̀n. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ pe 911 kíá. Kí wọ́n tó dé, ẹ bọ́ aṣọ tútù tó wà lára rẹ̀, ẹ fi kúbùsù wé e láti orí dé àyà. Ẹ má ra á lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, ẹ má sì fún un ní ọtí pé kí ara rẹ̀ lè gbóná. Ọtí kì í mú ara gbóná, ṣe ló ń lé ooru jáde lára.

ÈÉFÍN TÍ KÒ LÓÒÓRÙN

Nígbà tí iná lọ lọ́dún 2021, àwọn kan gbé ìkòkò èédú tí wọ́n fi ń sun ẹran wọnú ilé. Àwọn mìíràn wọ inú ọkọ̀ tó wà nínú gáréèjì, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì kí ara wọn lè móoru. Àwọn mìíràn tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Èéfín tí gbogbo nǹkan wọ̀nyí ń yọ kò lóòórùn, kò ní àwọ̀, ẹni tó ń fà á símú kò sì ní mọ̀. Orí á máa fọ́ onítọ̀hún, òòyì á máa kọ́ ọ, èébì á máa gbé e, á sì máa rẹ̀ ẹ́. Àwa á ní ibà ni. Ẹ má pè é ní ibà o! Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jáde síta lójú ẹsẹ̀, òtútù ìyókù ẹ̀yìn ìyẹn ni.

Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ẹnu rẹ̀ má kọjú sí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn. Èédú kò gbọdọ̀ wọnú ilé. Ẹ má tan gáàsì ìdáná sílẹ̀ kí ilé lè gbóná. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń kọ́ sára ògiri, tó máa ń pariwo bí èéfín olóró bá wà nínú ilé. Ẹ bi ọmọ yín bóyá ó ní i, bóyá bátìrì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ iná kékeré tí wọ́n fi ń mú yàrá gbóná náà, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí kọ́tìnì àti ibùsùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ẹ kì í bọ ojú iná ara ògiri ni, kì í ṣe wáyà ìfàgùn.

GBÍGBẸ NÁÀ NÍ TIRẸ̀

Bí ojú ọjọ́ bá gbẹ, tí ẹ̀rọ amúlégbóná tún ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ inú ilé á gbẹ bíi ti ọyẹ́ wa níbí. Ètè á là, ìgigísẹ̀ á sán, imú lè máa ṣẹ̀jẹ̀, àwọn tó ní ikọ́ fée á sì máa mí pẹ̀lú wàhálà. Òrí tí ìyá kó lọ wúlò gan-an níbí. Ẹ pa á mọ́ra bí ẹ bá ti wẹ̀ tán, kí omi tó gbẹ lára, kí omi ìwẹ̀ náà sì jẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó má gbóná jù. Ẹ máa mu omi bí òǹgbẹ kò tiẹ̀ gbẹ yín, nítorí àgbàlagbà kì í tètè mọ òǹgbẹ lára. Àfi ẹni tí dókítà bá dín omi rẹ̀ kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín ni kó tẹ̀lé ìlànà dókítà rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, bí imú bá dí, ẹ má kàn gba oògùn ọ̀fìnkìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn oògùn kan tó ń la imú máa ń mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sókè. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oògùn kí ẹ tó lò ó. Wíńtà sì ni àrùn fúlúù máa ń jà jù níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, èyí tó lágbára sí i tún wà fún àwọn tó ti pé ọdún 65. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín mú yín lọ gbà á ní kété tí ẹ bá dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibẹ̀, ilẹ̀ amọ̀ Houston máa ń fún bí òjò kò bá rọ̀, ògiri ilé á sì máa sán. Ìdí nìyẹn tí àwọn onílé ibẹ̀ fi ń rọra bomi rin ìpìlẹ̀ ilé. Koríko gbígbẹ náà ń yára gbaná, kí ẹnikẹ́ni má sọ iná sìgá sílẹ̀, kí wọ́n má sì sun ìdọ̀tí.

ỌMỌ TUNTUN Ń KỌ́?

Ẹ̀yin ìyá àgbà, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń jẹ́ ká fi aṣọ di ọmọ tuntun pọ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà tiwọn níbẹ̀ ní ìdí. Ọmọ kò gbọdọ̀ sùn pẹ̀lú kúbùsù tó lè bò ó nímú. Aṣọ tó bá a lára mu ni kí ẹ wọ̀ fún un, kí ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, kó sì sùn síbùsùn tirẹ̀. Nínú ọkọ̀, ẹ má wọ kóòtù wúruwùru fún un kí ẹ tó de bẹ́líìtì rẹ̀, nítorí bẹ́líìtì kò ní mú ọmọ dáadáa. Ẹ dè é tán ná, kí ẹ wá fi kúbùsù bò ó lẹ́sẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í sọ fún wa. Súwẹ́tà àti aṣọ òfì tó ti wà nínú àpótí tipẹ́, káńfọ̀ ló sábà máa ń wà láàárín wọn. Ẹ má fi aṣọ tó ń rùn káńfọ̀ gbé ọmọ tuntun. Àwọn ọmọ wa kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè gba káńfọ̀, ojú àti ara wọn á pọ́n rúsúrúsú, ó sì lè ba ọpọlọ wọn jẹ́. Ẹ fọ aṣọ yín, kí ẹ sá a sóòrùn dáadáa títí tí òórùn náà á fi tán, kí ẹ tó di ẹrù. Aṣọ ọmọ gan-an, káńfọ̀ kankan kò gbọdọ̀ kàn án rárá.

KÍ Ẹ TÓ WỌ BÀÁLÙ

Súwẹ́tà kan, ìbọ̀sẹ̀ nípọn méjì, fìlà tó bo etí, ìbọ̀wọ́ kan, ìyẹn tó. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí a wọ̀ lé ara wọn ń mú ara móoru ju ẹyọ kan tó nípọn lọ. Bàtà tí kì í yọ̀ ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tó bá ṣubú lórí yìnyín lè fi itan kán. Ẹ kó oògùn yín tó gbogbo iye ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ sì fi oṣù kan lé e. Ẹ fi sínú báàgì tí ẹ fà lọ́wọ́, kì í ṣe èyí tó ń lọ sísàlẹ̀ bàálù. Ẹ gba ìwé adójútòfò ìlera, nítorí owó ilé ìwòsàn níbẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹ bi ọmọ yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì, ibo la máa lọ? Ibo ni wọ́n ti ń ti omi ilé pa bí páìpù bá bẹ́? Ta ni aládùúgbò tí mo lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ bí ẹ bá lọ síbi iṣẹ́? Bí wọ́n bá sì kéde pé omi máa di yìnyín lọ́la, ẹ pọn omi sínú garawa àti kẹ́ẹ̀gì. Àwọn ọmọ yín lè rẹ́rìn-ín. Ẹ pọn ọ́n o! Lọ́dún 2021, ẹni tó pọn omi sílẹ̀ ló rí omi lò.

Ẹ̀yin tí ẹ kò lọ ibì kankan, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín bákan náà. Bí àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ lọ́dọ̀ wa bá ní ọyẹ́ kò ní mú púpọ̀ létí òkun, ẹ má torí ìyẹn kó aṣọ ọyẹ́ ọmọ lọ sísàlẹ̀ àpótí. Òwúrọ̀ ọyẹ́ kan ṣoṣo ti tó láti dá ikọ́ fée sílẹ̀ lára ọmọ tàbí àgbà. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ń pa èèyàn níbí bó ṣe ń pa wọ́n ní Texas, kódà níbi tí òtútù kankan kò sí. Ẹ má gbé e sí balùwẹ̀, ẹ má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ má sùn tì í.

Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àsọtẹ́lẹ̀ oṣù mẹ́ta dáa fún onílé tó fẹ́ mọ iye owó iná tó máa san, ó dáa fún àgbẹ̀ tó fẹ́ mọ̀ bóyá òjò á rọ̀. Àmọ́ bí ẹ bá dé ọ̀hún, ti ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa gbọ́. Lálaalẹ́, ẹ bi ọmọ yín pé, "Èló ni ọ̀la?" Bó bá ti dárúkọ nọ́ńbà tó sún mọ́ 32, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa ṣe.

Ìyá wa ti padà délé láyọ̀, ọmọ tí wọ́n lọ wẹ̀ ti ń rìn. Ẹnu àìpẹ́ yìí ni wọ́n sọ fún mi pé èlùbọ́ pọ̀ ní Houston, pé ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa tó ń tà á kò jìnnà sílé ọmọ àwọn rárá. Wọ́n ní bí àwọn bá tún ń lọ, súwẹ́tà méjì ni àwọn á kó.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Kí Ọlọ́run fún gbogbo wa ní ìlera.